Ẹ̀yìn Dídùn: Kì í Ṣe Jẹ̀díjẹ̀dí Nìkan

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ̀yìn bá ti ń dun ẹnì kan láàárín wa, jẹ̀díjẹ̀dí la máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, àgbo la sì ń sáré mu.

Àwọn oníṣègùn homoeopathy, ìṣègùn tí Samuel Hahnemann ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ ní 1796, kì í wo ẹ̀yìn nìkan. Wọ́n gbà pé agbára tó ń gbé ara ró ló dàrú. Wọ́n á béèrè pé: ṣé ẹrù wúwo lo gbé, àbí o ṣubú? Ṣé ìgbà tí o bá ń rìn ló ń dùn, àbí tí o bá jókòó?

Ìbéèrè yẹn dára fún àwa alábàárù, awakọ̀ àti oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ní 2015, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìlera ìjọba Australia ní àwọn kò rí ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé pé oògùn wọn ń wo àìsàn kankan.

Bí ẹsẹ̀ bá ń kú tìpìrì, tí ìtọ̀ kò ṣeé mú dúró, ilé ìwòsàn ni kíá. Bí ibà àti rírù bá bá a rìn, ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ ló wọ eegun ẹ̀yìn. Ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.