Ta Ló Sọ Pé Ọjà Ti Wálẹ̀?

 

Láti ọdún 2025 ni ọ̀rọ̀ kan ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti oníbàárà. Oníbàárà á gbọ́ rédíò l'áàárọ̀ pé ọ̀wọ́n ọjà ti já wálẹ̀. Bó bá dé ìdí igbá wa, á ní kí ló dé tí gàrí ò wálẹ̀, pé àwa obìnrin ọjà la burú, a ò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ èsì tí a lè fún wọn. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, tí mo bi àwọn ọmọ wa tó kàwé, tí mo sì kọ ọ́ síhìn-ín.

Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní NBS, National Bureau of Statistics. Àwọn tó dàgbà nínú wa mọ̀ ọ́n sí Federal Office of Statistics láyé ọjọ́sí. Oṣooṣù ni wọ́n ń rán èèyàn lọ s'ọ́jà káàkiri láti béèrè iye tí à ń ta nǹkan. Wọ́n á kó o jọ, wọ́n á fi wé iye tí wọ́n tà á ní irú oṣù yẹn l'ọ́dún tó kọjá. Ohun tó bá jáde níbẹ̀ ni rédíò ń pè ní inflation.

Ní December 2024, wọ́n ní ó jẹ́ 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ti January 2025 máa jáde, ó di 24.48. Háà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tajà ní January yẹn, ṣé ẹ rí i kí ọjà já báyẹn? Kò já. Ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni wọ́n pààrọ̀. Ọdún 2009 ni wọ́n ti ń fi èyí tó wà tẹ́lẹ̀ wọn ọjà, bẹ́ẹ̀ ohun tí ilé kan ń rà nígbà náà kọ́ ló ń rà lónìí. Ta ló ń ra data lójoojúmọ́ ní 2009? Wọ́n wá fi ọdún 2024 ṣe ìpìlẹ̀, oríṣi ọjà tí wọ́n ń béèrè kúrò ní 740, ó di 934. Oúnjẹ tó ń kó ju ìdajì lọ nínú ìṣirò náà wá di bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún. IMF àti Báńkì Àgbáyé bá wọn dá sí i, wọ́n sì tẹ̀ lé ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé là sílẹ̀, kí iye tiwa lè ṣeé gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ghana àti ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn.

Àwa tí à ń wọn nǹkan, ó yẹ kó tètè yé wa. Bí o bá fi kóńgò kékeré wọn àpò ìrẹsì lánàá, tí o fi ńlá wọ̀n ọ́n lónìí, iye kóńgò á dín, ṣùgbọ́n hóró ìrẹsì kan ò kúrò nínú àpò.

Èkejì nìyí, ẹ dì í mú dáadáa nítorí òun ni èsì oníbàárà. Ká ní ìgò epo jẹ́ ẹgbẹ̀rún náírà l'éṣìí. Bí ọ̀wọ́n bá jẹ́ 34, á di ₦1,340. Bó bá jẹ́ 24, á di ₦1,240. Ṣé ẹ rí i? Nínú méjèèjì, epo gbówó lórí. Ẹni tó ń sáré tẹ́lẹ̀ ló wá ń rìn, kò tíì ṣẹ́rí padà sílé.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ní ìparí ọdún 2020, NBS ní 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni ò níṣẹ́. Ní 2023 wọ́n tẹ̀ lé ìlànà ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, iye náà sì di 4.1 ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún yẹn. Tẹ́lẹ̀, o gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ogún wákàtí l'ọ́sẹ̀ kí wọ́n tó kà ọ́. Ní báyìí, wákàtí kan péré ti tó. Nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń dá tara wọn ṣe, àwa náà nìyẹn. Inú mi dùn pé wọ́n kà wá mọ́ òṣìṣẹ́, nítorí a ò sọ rí pé a ò níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ tí kò tà ju iṣu méjì lọ, òun náà wà nínú àwọn tó níṣẹ́. Iye yẹn ò sọ bóyá ó jẹun kó tó sùn.

Ẹ jẹ́ ká wá yíjú sí ara wa. Ọ̀dọ̀ wa ni ìṣirò yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì, fóònù fífẹ̀ yẹn, dípò bébà nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò lè tún irọ́ ṣe. Bí àwọn ọmọ yẹn bá dé, ẹlòmíràn á palẹ̀ igbá mọ́, á ní owó-orí ló dé. N kò bú u. Ní 1929, ní Oloko, wọ́n ní kí Nwanyeruwa ka ewúrẹ́, àgùntàn àti èèyàn ilé rẹ̀. Àwọn obìnrin dìde nítorí wọ́n mọ̀ pé owó-orí ló ń tẹ̀ lé kíkà. Ìjọba òyìnbó yìnbọn, ó ju àádọ́ta obìnrin tó kú. Ọ̀rọ̀ owó-orí obìnrin náà ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn ìyá Abẹ́òkúta jáde sí ní 1947.

Ṣùgbọ́n Òfin Statistics ti 2007 kò gbà kí wọ́n gbé orúkọ ẹni tàbí ohun tí ẹni sọ fún ẹlòmíràn. Ẹ béèrè káàdì rẹ̀. Bó bá béèrè owó, ẹ lé e, kì í ṣe iṣẹ́ wọn.

Iye wo ni ká wá sọ? Iye tí a kọ́kọ́ pè kọ́ o, iye tí a tà á gan-an lẹ́yìn ìdúnàádúrà ni.

Ti kóńgò ló le jù. Gbemisola Oseni (orúkọ wa nìyẹn!) àti àwọn méjì mìíràn kọ ìwé kan jáde fún Báńkì Àgbáyé ní 2017 lórí òṣùwọ̀n bíi tiwa, pé kóńgò, ìdì àti òkìtì ò dọ́gba láti ọjà dé ọjà, kí wọ́n máa gbé wọn sórí ìwọ̀n kí wọ́n tó ṣírò. Wọn ò tíì rí kóńgò tí wọ́n fi òkúta lù ní ìdí! Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú: bí iye gàrí bá dúró síbi tó wà tí ìdí kóńgò sì ń gòkè, ọ̀wọ́n ti wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀.

A ó sọ ọ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Kí kálukú mú kóńgò tirẹ̀ dání. A ó gbé ìwọ̀n kalẹ̀.