Ta Ló Ni Gọ́tà? Ọ̀rọ̀ Pàǹtírí ní Ekurede-Urhobo

Nígbà tí olóòtú ní kí a kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, ohun tó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé kí a kọ nípa oríkì tàbí àṣà ìgbéyàwó, bí àwọn tó ṣíwájú wa ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò tọ́ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìjẹ̀bú, kí ni yóò sọ nípa oríkì tí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò ní fi rẹ́rìn-ín? Ẹ sáà ti ń sọ pé Yorùbá ẹnu wa ń rùn bí ẹja Warri. Kò burú. Warri ni a dàgbà sí, ní Ekurede-Urhobo, níbi tí àwọn òbí wa ti ń tajà. Ohun tí a mọ̀ dájú níbẹ̀ ni òjò, ọjà àti pàǹtírí. Òun náà ni a fẹ́ ṣàlàyé fún yín.

Fún àǹfààní ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí: àdúgbò kan ni Ekurede-Urhobo jẹ́ nínú ìlú Warri, ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ekurede méjì ló wà, ọ̀kan ń jẹ́ ti Urhobo, èkejì ń jẹ́ ti Itsekiri. Urhobo, Itsekiri, Ijaw, Igbo, Hausa, àti àwa Yorùbá, gbogbo wa la jọ ń ná ọjà níbẹ̀. Bí ọmọ Urhobo bá fẹ́ kí àgbà, yóò kúnlẹ̀, yóò sì wí pé “mígwò”, ó sì máa ń dùn mọ́ àwọn ìyá wa nínú nítorí pé ó jọ tiwa. Bí títì ọjà ibẹ̀ ṣe rí nìyí: ṣọ́ọ̀bù ló wà lẹ́yìn, ìsọ̀ onípákó wà níwájú rẹ̀, gọ́tà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni títì tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbà. Oúnjẹ tútù, oúnjẹ sísè, aṣọ, ìwé, páàtì ọkọ̀, kò sí ohun tí ẹ kò ní rí rà.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, gbogbo ọlọ́jà á mú ìgbálẹ̀. A kò tíì rí obìnrin kan ní àdúgbò wa tí yóò pàtẹ láìgbálẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọ̀bùn ni àwọn ará Warri, irọ́ ló pa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìgbálẹ̀ náà kọjú sí. Ó kúrò ní ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ sí iwájú ìsọ̀. Ó kúrò níwájú ìsọ̀, ó dé etí gọ́tà. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti wọlé. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mọ́ tónítóní. Gọ́tà ló jẹ ẹ́.

Ìyá wa náà ń ṣe é. Nígbà kan tí a ti ilé-ẹ̀kọ́ dé tí ìmọ̀ ìwé ń gùn wá, a bi wọ́n pé, “Màmá, ṣé inú gọ́tà ló yẹ kí ẹ gbá a sí?” Wọ́n wò wá láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé orí mi ni kí n gbé e lé? Gọ́tà kì í ṣe tèmi, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Lọ gbé gààrí yẹn síta jàre.”

Inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn gan-an ni àlàyé wà. Ní ìlú àwọn baba ńlá wa, ilẹ̀ gbígbá ní ibi tó ń lọ. Àwọn ọmọ á gbá agbo ilé ní ìdájí, wọn á kó o lọ sí ààtàn. Ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í fi wọ́n pamọ́ títí. Ewé eéran tí wọ́n fi wé ẹ̀kọ, ewé tí wọ́n fi pọ́n mọ́ínmọ́ín, èèpo iṣu, háhá àgbàdo, ewúrẹ́ á jẹ nínú rẹ̀, ìyókù á jẹrà, nígbà tó bá sì ṣe, ẹni tó fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ á wá bu ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹni tó ju ewé ẹ̀kọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà nígbà náà kò ṣe ohun tó pọ̀. Ọwọ́ tí a fi ń ju ewé yẹn náà ni a ṣì ń lò. Ohun tó wà lọ́wọ́ ló yí padà. Ọ̀rá kì í jẹrà bí ewé. Ewúrẹ́ tó bá jẹ ẹ́, ikú ló jẹ.

Èyí tó wá pọ̀ jù ni ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Kí ó tó dé, omi tútù tí wọ́n fi ọwọ́ so sínú láílọ́nù ni wọ́n ń tà, àti èyí tí wọ́n ń fi kọ́ọ̀pù bù fún ènìyàn láti inú kúlà. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni píọ̀ wọ́tà gba ìgboro. Oore ni fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, a kò lè sẹ́ ẹ, pàápàá ní ìlú tí omi kànga rẹ̀ máa ń pọ́n bí ìpẹtà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mu ún tán, ojú ẹsẹ̀ ni yóò ju ọ̀rá rẹ̀ nù. Ẹyọ kan kò wúwo, atẹ́gùn lè gbé e. Bí ó bá dé inú gọ́tà, á lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́tẹ́ẹ́, iyanrìn á gùn ún, ọ̀rá mìíràn á lẹ̀ mọ́ iyanrìn náà. Láìpẹ́, koríko á hù lórí rẹ̀. Ẹ ti rí gọ́tà tí ó ti di ebè rí? Ó wà níbẹ̀.

Ẹ wá fi òjò kún un. Òjò tó ń rọ̀ ní Warri lọ́dún tó bí ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn. Ilẹ̀ ibẹ̀ tún tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní òkè kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, odò sì wà nítòsí, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ nígbà òjò yóò kan omi. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́, àgbàrá á fi agbára gbá ìdọ̀tí lọ. Tiwa kò ní agbára yẹn. Yíyọ́ ló ń yọ́ lọ, ohun tó bá sì dí i lọ́nà díẹ̀, á dúró, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á wọ ṣọ́ọ̀bù. Àpò ìrẹsì mẹ́ta ni ó bà jẹ́ fún ìyá wa ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn Yorùbá ní ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ní títì tiwa, ẹni tó da ọ̀rá síwájú ló ń tẹ omi.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ Warri nìkan nìyí, kí ó bi àwọn àgbà Ìbàdàn léèrè nípa Ògùnpa. Àárín ibi tí wọ́n ti ń ṣòwò jù, lágbègbè Dùgbẹ̀ àti Gbági, ni odò yẹn gbà kọjá. Wọ́n ń kọ́lé sí etí rẹ̀, wọ́n sì ń da ilẹ̀ sínú rẹ̀, nítorí pé odò náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ó kún ní 1978. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, omi kò rí ọ̀nà gbà lábẹ́ afárá, ó sì gba inú ilé. Àwọn tó kú lé ní 200. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ṣì ń fi omíyalé Ògùnpa ka ọjọ́ orí títí dòní. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omi tún ya wọ Ìbàdàn, ó sì tún pa ènìyàn tó lé ní 100. Ìyẹn ló mú kí Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 láti tún ọ̀nà omi ìlú náà ṣe. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn tó wà láàárín wa mọ̀ jù wá lọ.

A kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àìsàn, nítorí a ti kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Omi gọ́tà tó bá kún dé ilé ìgbẹ́, tó tún padà dé kànga, kọ́lẹ́rà ló ń gbé kiri; ní 1991 nìkan, ó lé ní 7,000 ènìyàn tí kọ́lẹ́rà pa ní Nàìjíríà. Ohun kan tó ya wá lẹ́nu nígbà tí a kà á ni pé ẹ̀fọn inú gọ́tà dúdú kì í sábà jẹ́ ẹ̀fọn ibà. Ẹ̀fọn ibà fẹ́ràn omi tó mọ́ díẹ̀, irú èyí tó ń dúró sínú kòtò ojú ọ̀nà lẹ́yìn òjò. Nítorí náà, kí a má fi gọ́tà nìkan wí àwíjàre.

Ìjọba ńkọ́? Láyé àwọn Òyìnbó, wolé-wolé ló ń wọ ilé kiri, tó ń yọjú wo inú àmù bóyá tanwíji wà níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ̀bi á lọ sí kóòtù. Ẹ̀rù wọn ba àwọn ènìyàn, pàápàá ní Èkó nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà níbẹ̀ láti 1924 sí 1930. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Buhari àti Idiagbon dé, tí wọ́n dá WAI sílẹ̀ ní 1984. Inú rẹ̀ ni ìmọ́tótó àyíká ti di dandan, tí ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù sì di ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde láti agogo 7 sí agogo 10 òwúrọ̀. Ìjọba yẹn lọ ní 1985, Sátidé náà kò lọ. Ní Èkó, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ dájọ́ ní 2015 pé kò sí òfin tó ní kí wọ́n há ènìyàn mọ́lé nítorí ilẹ̀ gbígbá, ìjọba Èkó sì fòpin sí ìséde náà ní 2016. Ní Delta tiwa, Sátidé yẹn ṣì wà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ síbí, nítorí ibẹ̀ ni a rò pé ọ̀rọ̀ wà. Níbo ni ọlọ́jà wà ní agogo 7 òwúrọ̀ Sátidé yẹn? Ilé rẹ̀ ni. Ó ń ro koríko iwájú ilé, ó ń fọ balùwẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì pa, kò sí ẹni tó lè dé ibẹ̀. Ọjọ́ tí a yà sọ́tọ̀ fún ìmọ́tótó ni ọjọ́ tí títì ọjà kò ní olùtọ́jú rárá! Àwọn ará Èkó ti rí èyí tipẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí àwọn ọlọ́jà máa tún ọjà ṣe ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kí wọ́n tó pàtẹ. Ó níye àdúgbò tó ní irú rẹ̀.

Níbi tí wọ́n bá tilẹ̀ ti kó ẹrẹ̀ gọ́tà, etí gọ́tà náà ni wọ́n ń kó o jọ sí, kí ọkọ̀ lè wá gbé e. Bí òjò bá yá ju ọkọ̀ lọ, ẹrẹ̀ á padà sí ilé rẹ̀. Àwọn mìíràn á bẹ olọ́mọlanke kan. Yóò gba owó, yóò kó o, yóò yà sí kọ̀rọ̀, yóò sì dà á sí gọ́tà àdúgbò kejì nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. A kò lè bú u pátápátá. Ta ló fi ibi tó yẹ kó dà á sí hàn án? Òfin ìlẹ̀ wa ti 1999 gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dídànù àti ọ̀rọ̀ ọjà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ìpínlẹ̀ sì máa ń ní àjọ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ọmọ tó ní baba méjì, ẹ mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá dé.

Àwọn kan á ní ènìyàn dúdú kò lè ṣe é. Ẹ gbọ́ ti Rwanda. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù náà ni tiwọn, umuganda ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n wọn kì í há ènìyàn mọ́lé. Ìta ni wọ́n ń pè wọ́n sí, gbogbo àdúgbò á jọ ṣiṣẹ́ lójú kan, lẹ́yìn iṣẹ́ wọn á jókòó sọ̀rọ̀ àdúgbò. Wọ́n sì ti fòfin de báàgì ọ̀rá láti 2008. Èkó náà ti fòfin de ike oúnjẹ funfun tó fúyẹ́ bí òwú ní 2024. A kò mọ ẹni tí yóò fòfin de ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ní Warri kí ó tún rí ìbò.

Lẹ́yìn tí àpò ìrẹsì yẹn bà jẹ́, àwọn ọlọ́jà ọ̀wọ́ tiwa ṣe ìpàdé kékeré kan. Ìsọ̀ 11 ni wọ́n. Wọ́n ra dúrọ́ọ̀mù méjì, wọ́n ń dá owó lọ́sẹ̀ fún olọ́mọlanke kan ṣoṣo, wọ́n sì ní ọmọ ìsọ̀ kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e dé ibi tí yóò dà á sí, kí ó rí i sójú. Iṣẹ́ wa nìyẹn nígbà ìsinmi, kò sì lóòórùn dídùn. Àwọn 7 ló ń san owó déédéé. Àwọn 4 yòókù ń ní àwọn kì í ṣe ìdọ̀tí. Síbẹ̀, gọ́tà náà gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, a rí sìmẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ rẹ̀, ohun tí a kò rí láti kékeré.

Òjò kan wá rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí a ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rá ti kún gọ́tà dé ẹnu. Kì í ṣe tiwa, òkè títì ló ti ṣàn wá. Ìyá wa dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, wọn kò sọ̀rọ̀, wọ́n ń wo òkè títì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, wọ́n tún gèlè wé, wọ́n ní kí a tẹ̀ lé àwọn. Ìsọ̀ tí a kọ́kọ́ yà sí ni ti ìyá Urhobo kan tó ń ta epo pupa. A kúnlẹ̀ lórí pákó tútù, a ní, “Mígwò.”