Bí Béélìfù Bá Mú Ìwé Gbèsè Wá Bá Yín Nísọ̀

Àwìn ló ń gbé Ọjà Ìpata ró. Alápatà ń gba màlúù láìsanwó, ó di ìgbà tí ẹran bá tà. Aláta ń gba apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó ti òkè Ọya wá, ó ní kí onítọ̀hún padà wá lọ́jọ́ karùn-ún. Púpọ̀ nínú àdéhùn wọ̀nyí kò kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu, ní Ìlọrin tí ilé-kéwú pọ̀ tó báyìí, tí kò sì sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu àáfà pé Súrátù Bákárà, áyà 282, ní kí á máa kọ gbèsè sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Ọjọ́ tí ọjà bá dojú dé ni béélìfù máa ń yọ.

Ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó sá fún béélìfù kò sá fún ẹjọ́, torí adájọ́ lè pàṣẹ kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ohun tí ẹ jẹ́rìí sí ni pé ó dé ọwọ́ yín; ẹ ò tíì gbà pé ẹ jẹ kọ́bọ̀. Ẹ wo kóòtù tó ti wá, iye tí wọ́n ń béèrè, àti ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fèsì. Bí olùjẹ́jọ́ kò bá yọjú, adájọ́ lè gbọ́ ti olùpẹ̀jọ́ nìkan kó sì dájọ́. Ẹni tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí lè sáré padà lọ bẹ kóòtù pé kó fagi lé ìdájọ́ náà, àmọ́ yóò sọ ohun tó dá a dúró, yóò sì fi hàn pé òun ní èsì gidi.

Kóòtù kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀. Ní Àréà Kọ́ọ̀tù, bí wọ́n bá ń fi òfin Ìsìláàmù yanjú ọ̀rọ̀, olùpẹ̀jọ́ ni yóò mú ẹlẹ́rìí wá; bí kò bá rí mú wá, tí olùjẹ́jọ́ sì sẹ́, wọ́n lè ní kó búra. Ẹni tó mọ̀ pé òun jẹ ìdajì, kó tètè sọ pé ìdajì ni, kí wọ́n tó gbé Àlùkùránì síwájú rẹ̀. Ní High Court, ìwé tó yẹ kó lani lójú ni èyí tí wọ́n kọ “Undefended List” sí lára, ìyẹn ẹjọ́ tí olùpẹ̀jọ́ gbà pé olùjẹ́jọ́ kò ní èsì sí. Àlàyé ẹnu kò tó fún irú ẹjọ́ yìí: ẹ gbọ́dọ̀ ti kó ìwé sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé ẹ fẹ́ jà á, pẹ̀lú àfidéfíìtì, ìyẹn ìwé ìbúra, tó sọ ìdí rẹ̀ yékéyéké. Ti Èkó rọrùn jù. Láti 2018 ni wọ́n ti ní kóòtù gbèsè kékeré níbẹ̀, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Olùjẹ́jọ́ ní ọjọ́ 7 láti fèsì sórí fọ́ọ̀mù, ìlànà sì ní kí gbogbo ẹjọ́ parí láàárín ọjọ́ 60.

Kí ni ẹ máa kọ? “N kò jẹ ẹ́” lásán kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ká ní wọ́n pe aláta kan fún ₦900,000. Ó ti fi ₦350,000 ránṣẹ́, tòmátò mélòó kan sì ti rà kó tó dé. Kó kọ iye apẹ̀rẹ̀ tó gbà àti ọjọ́ tó gbà á. Kó kọ owó tó san. Kó kọ iye tó rà, àti pé ọjọ́ náà gan-an lòun pe ẹni tó kó o wá, aládùúgbò ìsọ̀ sì wà níbẹ̀. Ìyókù, kó gbà pé òun jẹ ẹ́. Bí àdánù rẹ̀ bá ju gbèsè lọ, òun náà lè pe olùpẹ̀jọ́ padà nínú ẹjọ́ kan náà. Bí owó èlé bá wà nínú ohun tí wọ́n ń béèrè, kó bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti jọ ṣàdéhùn rẹ̀.

Rìsíìtì POS kì í pẹ́ ṣá, ẹ lọ gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì tí báńkì lu òǹtẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ orí WhatsApp náà wúlò, ṣùgbọ́n abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 béèrè ìwé-ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ tó ti jáde; ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ́jísírà kóòtù.

Àwọn olówó kan a máa fi ọlọ́pàá dẹ́rù bani. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, kò fàyè gba kí wọ́n mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ lásán, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Diamond Bank àti Opara ní 2018 pé iṣẹ́ EFCC kọ́ ni láti máa bá báńkì gba gbèsè. Ẹni tó fúnni ní ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí ni kó má fọkàn balẹ̀: ìyẹn jẹ́ ọ̀ràn láti 1977.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká lọ́yà lè lọ sí Legal Aid Council, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976. Bí ìdájọ́ bá sì já lé yín lórí, ẹ bẹ adájọ́ lójú ẹsẹ̀ pé kó jẹ́ kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dá iye tí ọjà yín lè gbé lóṣù. Ẹ gba rìsíìtì fún gbogbo owó tó bá jáde lọ́wọ́ yín, kí ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì rẹ́jísírà kó lè wọ fáìlì.