Gìtá Oníná Tí Kì Í Dúró Lójú Ohùn

Gìtá oníná ní okùn mẹ́fà. Ohun mẹ́ta ló ń pinnu ohùn okùn kọ̀ọ̀kan: bó ṣe gùn tó, bó ṣe wúwo tó, àti bí wọ́n ṣe fà á le tó. Nínú ètò tó wọ́pọ̀ jù, okùn tó nípọn jù máa ń gbọ̀n ní ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó tín-ínrín jù sì máa ń gbọ̀n ní ìgbà 330. Gígùn àti ìwúwo kì í ṣàdédé yí padà láàárín orin méjì. Líle okùn ló máa ń dẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe gìtá tí kì í dúró lójú ohùn, ibi tí okùn ti ń rí àyè dẹ̀ ni yóò wá.

Ní Festac Town àti káàkiri Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ní Èkó, ṣọ́ọ̀ṣì ni ìṣòro yìí ti máa ń hàn kedere. Orin ìyìn á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kó tó dé orin kẹta, kíbọ́ọ̀dù ń lọ síhìn-ín, gìtá ń lọ sọ́hùn-ún. Onígìtá á wá máa yí pẹ́ẹ̀gì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń fa okùn lórí gìtá, lójú agbo. Pẹ́ẹ̀gì ni gbogbo ènìyàn ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀.

Okùn fúnra rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Okùn tuntun ṣì máa nà. Wọ́n á fà á dé ojú ohùn, wọ́n á fi ìka rọra gbé e kúrò lára ọrùn gìtá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohùn á sì já wálẹ̀. Wọ́n á tún un fà, wọ́n á tún un gbé, títí tí kò fi ní já mọ́. Ẹni tó fi okùn tuntun sí gìtá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí kò ṣe èyí, ara rẹ̀ ló ń dá lóró. Kí okùn yí ọ̀pá pẹ́ẹ̀gì ká lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta létòlétò ti tó. Èyí tí wọ́n wé gọ̀jọ̀gọ̀jọ̀ léra wọn á máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ta á. Okùn tó ti gbó ní tirẹ̀ kì í mú ohùn tó já gaara wá. Òógùn ọwọ́ àti afẹ́fẹ́ olómi iyọ̀ tó ń fẹ́ láti òkun àti ọ̀sà máa ń mú un dípẹtà. Fífi aṣọ gbígbẹ nù ún lẹ́yìn ìsìn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ àwọn tó ń ṣe é kò pọ̀.

Lẹ́yìn okùn, nut ló kàn, ìyẹn ike tàbí eegun pẹlẹbẹ onílà mẹ́fà tó wà níbi tí ọrùn gìtá ti parí tí orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ pọ̀ sí. Bí onígìtá bá fi ìka ti okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ohùn lè gòkè, díẹ̀ nínú okùn á yọ́ wọlé láti ẹ̀yìn nut. Bí ilà náà bá há, kò ní rí ọ̀nà padà, ohùn á sì lọ sílẹ̀. Okùn G, ìkẹta láti ọ̀dọ̀ èyí tó tín-ínrín jù, ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá lórí gìtá tí pẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wà ní mẹ́ta-mẹ́ta lọ́tùn-ún lósì, torí pé okùn náà ní láti ṣẹ́ kọ́nà kó tó dé ìdí pẹ́ẹ̀gì. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn. Kí wọ́n fi ìka tẹ okùn láàárín nut àti pẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n tú u sílẹ̀. Bí ohùn bá gòkè padà, nut ló há. Bí kò bá gòkè, okùn ló ń yọ̀ lára pẹ́ẹ̀gì tàbí kò tíì nà tán. Bí pẹ́ẹ̀gì bá ń yí tí ohùn kò yí, tó wá dún "tíń" tó sì fò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rí pé nut há náà nìyẹn. Orí pẹ́ńsùlù ìkọ̀wé lásán ni oògùn rẹ̀: lúbúlúbú dúdú rẹ̀ tí wọ́n fi pa inú ilà náà á mú kó máa yọ̀. Bó bá ṣì ń há, kí oníṣẹ́ gìtá fi fáìlì tín-ínrín fẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe kó má dán an wò, torí bí ilà bá jìn jù, okùn á máa ha frẹ́ẹ̀tì, àwọn irin tó dábùú ọrùn gìtá.

Jíà inú pẹ́ẹ̀gì náà ní àyè díẹ̀ láàárín eyín rẹ̀, okùn sì lè ti ibẹ̀ dẹ̀. Bí okùn bá ga kọjá ohùn tí wọ́n ń wá, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kọjá ibẹ̀, kí wọ́n sì gbé e bọ̀ láti ìsàlẹ̀.

Gìtá tó ní apá irin lára bíríìjì (ibi tí okùn ti so mọ́ ara gìtá), irú èyí tí ilé iṣẹ́ Fender gbé jáde lára gìtá Stratocaster ní 1954, ní ìwà tirẹ̀. Sípíríǹgì ń fa bíríìjì sẹ́yìn, okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń fà á síwájú, agbára méjèèjì sì ní láti dọ́gba. Bí okùn kan bá já láàárín orin, ohùn okùn márùn-ún yòókù á gòkè. Ọ̀pọ̀ onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì kì í fọwọ́ kan apá náà rárá. Ó sàn kí wọ́n de sukúrúù sípíríǹgì le, kí bíríìjì jókòó tímọ́tímọ́ lára pákó.

Irin ni okùn, irin sì máa ń gùn sí i bó bá gbóná. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ amúlétutù kú, tí gbọ̀ngàn gbóná, ohùn gìtá á lọ sílẹ̀ láìsí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Kíbọ́ọ̀dù kì í yí bẹ́ẹ̀, òun ló sì yẹ kí gìtá máa tẹ̀lé. Ọ̀rinrin àti ọyẹ́ tún máa ń tẹ pákó ọrùn, ọ̀pá irin inú rẹ̀ sì ni oníṣẹ́ fi ń tọ́ ọ padà.

Àbùkù kan wà tó jọ gbogbo ìwọ̀nyí tí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ohùn okùn á dára bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ lókè ọrùn, ohùn á yẹ̀. Nínú jùjú bíi ti King Sunny Adé, tí gìtá púpọ̀ ń dá ara wọn lóhùn, kíá ni etí á gbọ́ ọ. Bí ohùn okùn bá ga jù ní frẹ́ẹ̀tì kejìlá, wọ́n á sún ìjókòó rẹ̀ lórí bíríìjì sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ ọrùn. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, wọ́n á sún un síwájú. Okùn tuntun tó ti nà tán ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á sì tún ohùn rẹ̀ fà lẹ́yìn ìsún kọ̀ọ̀kan.