Orúkọ Ìyá Àgbà

Ta ni ó ti gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ rí tí kò mọ dòdò Ìkirè? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n rá ni a ń pò mọ́ ata àti iyọ̀, tí a ń dín nínú epo pupa títí yóò fi dúdú, tí a sì ń fi ewé wé fún èrò ọ̀nà. Ìtàn tí a máa ń gbọ́ ni pé ìyá arúgbó kan ni ó kọ́kọ́ ṣe é, ní ọjọ́ tí kò sí oúnjẹ mìíràn nínú ilé rẹ̀ ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́. Kò dà á nù; ó dá ọgbọ́n sí i. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń ti ara ọgbọ́n náà jẹun títí di òní. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn náà, “ìyá arúgbó” nìkan ni a ń pè é.

Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Bí obìnrin bá ti bímọ ní ilẹ̀ wa, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni a ó máa fi pè é. Ọlá ni, kì í ṣe àbùkù. Ṣùgbọ́n bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Ìbàdàn kò gbàgbé Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde tí ó kú ní 1874; Abẹ́òkúta kò sì gbàgbé Ẹfúnróyè Tinúbú tí ó kú ní 1887. Oyè àti ọrọ̀ ni ó pa orúkọ wọn mọ́. Ẹni tí kò ní ju agbada àti àtẹ rẹ̀ lọ ńkọ́?

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí ó bí baba mi. Àpòmù ni a bí i sí, Ìkirè ni ó wá lọ́kọ. Ó máa ń sọ pé ẹ̀yìn ìyá òun ni òun wà nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 dé. Dòdò ni ó ń dín tà. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kíní ọdún 1955, òun fúnra rẹ̀ ni ó fa baba mi lọ́wọ́ lọ sí ilé-ìwé. Owó ilé-ìwé kò sí mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ àti oúnjẹ ọ̀sán kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ìdí agbada ni wọ́n ti ń jáde. Kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n èédú ni ó fi ń fa ìlà gbèsè sí ara ògiri ilé ìdáná, ẹnikẹ́ni kò sì lè rẹ́ ẹ jẹ. Dòdò tí ó bá jóná kì í dé ọjà. Àwa ọmọdé ni ó ń fún, a sì máa ń gbàdúrà kí iná pọ̀ jù.

Nígbà tí ó sùn, ẹni tí yóò tẹ ìwé ètò ìsìnkú béèrè orúkọ rẹ̀. Orúkọ ìrìbọmi wà nínú ìwé ìjọ. Ṣùgbọ́n ní ti orúkọ àbísọ àti oríkì, àwọn àgbà ilé ń wo ojú ara wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni arúgbó kan ti Àpòmù dé, tí ó ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n jọ ṣe ọmọdé ni. Ó dúró níbi orí òkú, ó pè é ní oríkì, ó sì ki ilé baba rẹ̀ fún un. Baba mi, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, tí kò gbọ́ oríkì náà rí, bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ojú ewé àkọ́kọ́ Bíbélì ilé wa ni mo kọ ọ́ sí lóru ọjọ́ náà.

Bí arúgbó yẹn bá ti ṣáájú rẹ̀ lọ ńkọ́? Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ìkirè, Ìkirè-Ilé àti Àpòmù, àti gbogbo ẹ̀yin tí ìyá àgbà yín ṣì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù tọ̀ wọ́n lọ. Ẹ béèrè orúkọ tí àwọn òbí wọn sọ wọ́n, oríkì wọn, ilé baba wọn, iṣẹ́ tí wọ́n fi tọ́ ọmọ, àti ohun ńlá tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí a bí wọn. Ẹ kọ ọ́ síbi tí eku kò ti lè dé. Aṣọ ẹbí yóò gbó, ẹran ìnáwó kì í sì í di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá kọ sílẹ̀ yóò dúró de ọmọ tí a kò tí ì bí.