Abèèrè Ọ̀nà Kì í Ṣìnà: Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ̀rọ Aláìlókùn àti Ẹ̀rọ Afibihàn fún Ohun Èlò Àwọ̀sára

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ṣìnà kò bá rántí orúkọ ibi tí ó ń lọ mọ́ ńkọ́, kí ni yóò béèrè? Ìbéèrè yìí ni ó gbé mi dé ìdí ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n sọ lọ́dún yìí.

Ìyá tí ó bí ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa nítòsí Ọ̀jọ́ Cantonment, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní bárékè Ọ̀jọ́. Ọjọ́ orí ti dé sí Màmá, ìgbàgbé sì ti ń bá a jà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ lọ ra ata, ó sì jáde. A wá a títí di ìrọ̀lẹ́ kí a tó rí i ní Okokomaiko, níbi tí ó jókòó ti ìyá alákàrà kan, tí ó ń sọ fún un pé Abẹ́òkúta ni òun ń lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá alákàrà náà tí ó fún un ní omi mu, tí kò sì jẹ́ kí ó sọdá títì márosẹ̀ tí ó lọ sí Badagry. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti àbúrò mi, tí ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe rédíò àti fóònù ní ọjà Alaba, ti pinnu pé a ó fi ọwọ́ ara wa ṣe ohun kékeré kan tí Màmá yóò máa wọ̀, tí yóò lè sọ ibi tí ó wà fún wa.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan béèrè pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kan bọ́ọ̀dù àti wáyà. Èsì mi ni pé kí fóònù tó dé ni àwọn baba wa ti ń fi àrokò ránṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ pàrokò ní láti ro ohun mẹ́ta: ta ni yóò gbé e, báwo ni ọ̀nà ti jìn tó, ta sì ni kò gbọdọ̀ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀? Àwọn ìbéèrè mẹ́ta yìí náà ni a fi yan ẹ̀rọ wa.

Iṣẹ́ méjì, ẹ̀rọ méjì

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé mímọ ibi tí ènìyàn wà yàtọ̀ sí sísọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé GPS ni ó ń ránṣẹ́. Rárá o. Ẹ̀rọ GPS tí a ń rà kì í sọ̀rọ̀. Gbígbọ́ ni ó ń gbọ́. Àwọn sátẹ́láìtì GPS ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi àkọ́kọ́ wọn ránṣẹ́ sí òfuurufú ní 1978, ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè. Olúkúlùkù wọn ni ó ní aago tí kì í ṣìṣe bọ̀rọ̀, tí ó sì ń kéde aago tí ó lù àti ibi tí òun wà. Ẹ̀rọ kékeré tí ó wà lára wa yóò gbọ́ ìkéde náà, yóò wo bí ó ti pẹ́ tó kí ó tó dé, yóò sì fi èyí mọ bí sátẹ́láìtì náà ti jìnnà tó. Ṣé ẹ rí i, bí mànàmáná bá kọ, tí ó pẹ́ kí a tó gbọ́ àrá, a mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn ni àrá náà ti sán. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ẹ̀rọ náà ní láti gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì mẹ́rin ó kéré tán: mẹ́ta fún ibi tí a wà, ìkẹrin láti tún aago tirẹ̀ ṣe, nítorí pé aago olówó pọ́ọ́kú ni ó wà nínú rẹ̀. Bí aago bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣìṣe, àṣìṣe 300 mítà ni yóò bí, èyí tí ó tó láti gbé Màmá kúrò ní ilé wa lọ sí àdúgbò mìíràn.

Ní ọjà, NEO-6M ni ẹ̀rọ GPS tí a kọ́kọ́ rà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní gbangba, ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà ni ó ń gbọ́ ní tirẹ̀. NEO-M8N sàn jù ú lọ láàárín ilé tí ó há mọ́ra, nítorí pé ó lè gbọ́ ti Rọ́ṣíà, ti Yúróòpù àti ti Ṣáínà mọ́ ti Amẹ́ríkà. Etí tí ó bá gbọ́ ohùn púpọ̀ kì í tètè ṣìgbọ́.

Ta ni yóò jíṣẹ́?

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti mọ ibi tí Màmá wà, òmíràn ni yóò wá sọ fún wa. Mẹ́rin ni a yẹ̀ wò.

Bluetooth kì í jẹ bátìrì púpọ̀, pàápàá irú èyí tí ó jáde ní 2010 fún àwọn ohun èlò kéékèèké. Ṣùgbọ́n kì í lọ jìnnà. Bí Màmá bá ti kọjá ojúlé mélòó kan, ó di àwátì. Ó dára fún kíké sí wa pé Màmá ti jáde nílé. Kò dára fún wíwá a ní Okokomaiko.

Wi-Fi, irú èyí tí ó wà nínú ESP32, lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ibi tí a bá gbé so ó mọ́ ni agbára rẹ̀ mọ. Kò sí ẹni tí yóò ta Wi-Fi láti ẹnu ọ̀nà wa dé Ìyànà Iba nítorí Màmá.

LoRa ń fi ohùn kékeré rìn ọ̀nà jíjìn, ọ̀pọ̀ kìlómítà ní pápá gbalasa. Ṣùgbọ́n àwa fúnra wa ni a ó gbé ẹ̀rọ tí yóò gbà á sórí òrùlé, àwọn ilé gíga yóò sì máa dí i lọ́wọ́. Olóko tí ó ń wá màlúù rẹ̀ ni èyí bá mu jù.

GSM ni ó kù. Láti 2001 tí ó ti wọ Nàìjíríà ni òpó rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, ibi gbogbo tí Màmá lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ni ó sì wà. SIM800L kéré bí èékánná, síìmù káàdì kan ni ó ń fẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé 2G nìkan ni ó mọ̀. 2G ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè kan ti pa tiwọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ohun èlò rẹ̀ pẹ́, kí ó fi owó kún owó, kí ó ra irú A7670E tí ó mọ 4G àti 2G.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́

Nígbà tí a kọ́kọ́ so SIM800L pọ̀, ṣe ni ó ń kú tí ó ń jí. A ti fẹ́ máa bú ẹni tí ó tà á fún wa. Ẹ̀bi wa ni. Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ iná láàárín fóòtì 3.4 sí 4.4, bí ó bá sì fẹ́ bá òpó sọ̀rọ̀, ó lè fa iná tí ó tó ámpìà 2 lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà tín-ín-rín tí a lò kò lè gbé e. A pààrọ̀ wáyà, a so ó mọ́ bátìrì líthíọ́mù tààrà, a fi kàpásítọ̀ ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ara sì tù ú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò bátìrì wò. Bí bátìrì bá jẹ́ 1,000 mAh, tí GPS ń mu nǹkan bí 45 mA láìsinmi, tí GSM tí kò sùn ń mu nǹkan bí 18 mA, àpapọ̀ jẹ́ 63 mA. Wákàtí 16 péré ni yóò lò. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ́ kí GPS sùn, tí GSM ń tòògbé, tí gbogbo rẹ̀ wá ń mu 5 mA, yóò di wákàtí 200, èyí tí ó lé ní ọjọ́ mẹ́jọ lórí ìwé. Nítorí náà, a ṣe é kí ó máa sùn. Bí a bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i láti orí nọ́mbà mẹ́ta tí ó mọ̀, yóò jí, yóò gbọ́ sátẹ́láìtì, yóò dáhùn, yóò sì padà sùn. Bátìrì tí ó ní ẹ̀ṣọ́ iná ni kí ẹ rà. Èyí tí ó bá ti wú, ẹ má ṣe gbé e sára ènìyàn.

Ara ènìyàn, omi ni

Ibi tí a ó wọ ohun èlò náà sí ṣe pàtàkì bí ẹ̀rọ inú rẹ̀. Omi ni ó pọ̀ jù nínú ara wa, omi a sì máa gbé ohùn aláìlókùn mì. Áńténà GPS tí ó dà bí táìsì kékeré gbọ́dọ̀ kọjú sókè ọ̀run. Bí a bá so ó mọ́ ẹ̀gbà ọrùn, àyà ni yóò kọ ẹ̀yìn sí, ìdajì ọ̀run ni yóò sì máa rí. A gbìyànjú ọwọ́. Bí Màmá bá ká ọwọ́ sẹ́yìn, kò gbọ́ nǹkan kan. Èjìká ni ó dára jù. Ìyá mi wá rán àpò kékeré kan sí èjìká bùbá Màmá, aṣọ náà kò sì dí ohùn sátẹ́láìtì lọ́wọ́. Nínú ilé alápá kọ̀ǹkéré, ẹ má retí púpọ̀ lọ́dọ̀ GPS.

Ẹni tí kò gbọdọ̀ mọ̀

Ọ̀rọ̀ bárékè ni ó kù. Ní oṣù kọkànlá 2017, ilé iṣẹ́ Strava tẹ àwòrán ayé kan jáde tí ó fi ipasẹ̀ àwọn tí ń sáré tí wọ́n sì ń gun kẹ̀kẹ́ hàn, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kìíní 2018, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa, Nathan Ruser ọmọ Australia, tọ́ka sí i pé bí a bá wo àwòrán náà dáadáa, àgọ́ àwọn ọmọ ogun hàn nínú rẹ̀, nítorí pé aago ọwọ́ àwọn sójà ti ya ọ̀nà tí wọ́n ń sáré gbà. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de lílo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ibi tí ọmọ ogun wọn ti ń ṣiṣẹ́ ogun. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ ṣe ibi níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí kì í dákẹ́ ni ó tú àṣírí.

Àwa tí a ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bárékè ní láti fi èyí kọ́gbọ́n. Ìdí nìyí tí a kò fi yan ẹ̀rọ tí ń kó ipasẹ̀ ènìyàn lọ sí ilé ìkówèésí ẹlòmíràn ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Tiwa kì í ya ọ̀nà, kì í kó ìtàn jọ, àfi bí a bá bi í léèrè ni ó ń dáhùn. Ẹ ò rí i pé ohun tí ó dá bátìrì sí náà ni ó dá àṣírí sí.

Nígbà tí a gbé e dé iwájú Màmá, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé fún un. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ẹrú tí ó ń sá ni ẹ fi mí pè ni?” Mo ní, “Ó tì o, Màmá.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Bí mo bá gbàgbé ilé, kí ó rántí fún mi. Ṣùgbọ́n kí ó má máa ṣọ́ mi bí olè.” Kò sí ìwé ẹ̀rọ tí ó sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ má ṣe kọ́kọ́ sáré lọ sí Alaba. Ẹ kọ́kọ́ jókòó ti ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, kí ẹ bi í léèrè ohun tí ó fẹ́. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ bá ju tèmi lọ, kí ó kọ tirẹ̀ fún wa lọ́dún tí ń bọ̀. Ire o.