Bí Àwọn Ọ̀dọ́ Wa Ṣe Lè Kọ́ Áàpù Àsìkò Ìrun fún Mọ́sáláṣí Ṣakí àti Ìsẹ́yìn



Lásìkò ààwẹ̀, ìṣẹ́jú 16 kì í ṣe nǹkan kékeré. Oòrùn máa ń wọ̀ ní Àbújá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 16 ṣáájú kí ó tó wọ̀ ní Ṣakí. Tí áàpù ẹni tó wà ní Ṣakí bá ń lo àsìkò Àbújá, tí ó ní kí ó ṣínu, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí onítọ̀hún fi omi kan ẹnu. Nínú mazhab Màlíkì tí a ń tẹ̀lé, ẹni tó bá ṣínu kí oòrùn tó wọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àṣìṣe, yóò san ààwẹ̀ ọjọ́ náà padà. Ọ̀pọ̀ kò ní mọ̀ rárá pé gbèsè kan wà lọ́rùn àwọn.

Kí ló fà á? Aago kan náà ni gbogbo Nàìjíríà ń lò, ṣùgbọ́n oòrùn kì í bá aago ìjọba rìn. Ìlà ayé tó wà ní dígíríì 15 sí ìlà oòrùn ni wọ́n fi gbé aago wa kalẹ̀. Bí a bá ti ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn, dígíríì kọ̀ọ̀kan ń fi ìṣẹ́jú 4 kún un. Àbújá wà ní nǹkan bí dígíríì 7.5, Ìsẹ́yìn wà ní 3.6, Ṣakí sì wà ní 3.4. Ìdí nìyí tí oòrùn kì í fi í dé àtàrí ní Ṣakí ní aago 12 géérégé. Ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí aago 12:46 ni.

Àsìkò Èkó náà kò bá tiwa mu tán. Òótọ́ ni pé Èkó àti Ṣakí fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà, ṣùgbọ́n Èkó wà ní gúúsù. Nínú oṣù June, oòrùn máa ń pẹ́ ju ti Èkó lọ ní Ṣakí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 kí ó tó wọ̀. Nígbà tí Ràmàdáànì bọ́ sí June, bí ó ti rí ní 2015 àti 2016, ẹni tó bá fi ìwé àsìkò Èkó ṣínu ní Ṣakí ti yára jù.

Aṣọ òfì àti òwú rẹ̀

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni bí mọ́sáláṣí tàbí ilé kéwú kan ṣe lè ní áàpù tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí a kọ́ láti inú kóòdù.

Áàpù tí a ń rà tàbí tí a ń gbà sílẹ̀ dà bí aṣọ òfì Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti hun tán. A lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n a kò lè pààrọ̀ òwú tó wà nínú rẹ̀. Kóòdù ni òwú àti àpẹẹrẹ tí ahunṣọ fi ṣiṣẹ́, ìyẹn àṣẹ tí ènìyàn kọ sílẹ̀ tí ẹlòmíràn lè kà. Kíkọ́ áàpù láti inú kóòdù ni híhun fúnra rẹ̀. Ẹni tí òwú wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè hun aṣọ náà kí ó bá ara rẹ̀ mu.

Àwọn kan ń fi kóòdù wọn pamọ́, àwọn mìíràn sì gbé tiwọn síta fún gbogbo ayé. Ọ̀kan nínú èyí tó wà níta ni Adhan, tí Batoul Apps gbé sórí GitHub lábẹ́ ìwé àṣẹ MIT. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣírò àsìkò ìrun. Ìwé àṣẹ náà gbà wá láyè láti lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ àti láti yí i padà, bí a kò bá ti yọ orúkọ àwọn tó ni ín kúrò.

Ọ̀rọ̀ ìfọkàntán náà wà níbẹ̀. Ní November 2020, ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Motherboard gbé e jáde pé Muslim Pro, áàpù ìrun tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ń lò, ń fi ìsọfúnni nípa ibi tí àwọn ènìyàn wà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ X-Mode. Wọ́n ní ìsọfúnni tí X-Mode ń tà ń dé ọ̀dọ̀ ológun Amẹ́ríkà nípasẹ̀ àwọn agbaṣẹ́ṣe. Lẹ́yìn ìròyìn náà, Muslim Pro kéde pé àwọn ti fòpin sí àjọṣe àwọn àti X-Mode. Áàpù tí a kò lè rí inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu olówó rẹ̀ nìkan ni a gbára lé. Èyí tí kóòdù rẹ̀ wà níta, ọmọ wa lè kà á kí ó sì sọ ohun tó ń ṣe fún wa.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Irinṣẹ́ mẹ́ta ni a nílò, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn: Git tó ń kó kóòdù wá, Node.js tó ń mú un ṣiṣẹ́, àti Electron tó ń sọ ọ́ di áàpù orí kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Pólì Òkè-Ògùn tó wà ní Ṣakí, tó ti mọ JavaScript díẹ̀, lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dára ni kí ó ti gba irinṣẹ́ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, áàpù náà kò nílò dátà mọ́, nítorí ìṣirò lásán ni.

Yóò ṣí fódà kan, yóò tẹ npm init, lẹ́yìn náà npm install adhan, lẹ́yìn náà npm install electron --save-dev. Nǹkan mẹ́ta ni yóò wá sọ fún kóòdù náà.

Àkọ́kọ́ ni ibi tí a wà. Fún Ṣakí, 8.67 àti 3.39. Fún Ìsẹ́yìn, 7.97 àti 3.60.

Èkejì ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń mọ Àsùbáà àti Ìṣàí. Ìlànà Muslim World League ń lo dígíríì 18 fún Àsùbáà àti 17 fún Ìṣàí. Ìlànà Íjíbítì ń lo 19.5 àti 17.5. Lọ́dọ̀ wa, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ní Àsùbáà tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 6, èyí sì kan sààrì. Ọmọ tó ń kọ kóòdù kọ́ ló ni ìpinnu yìí. Lèmọ́mù àti àwọn aáfà ìlú ló ni ín.

Ẹ̀kẹta ni Alásàrí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Inú Adhan, orúkọ méjì péré ni a ó rí: Shafi àti Hanafi. A kò ní rí Màlíkì. Shafi ni kí a mú, nítorí ìkan náà ni: àsìkò Alásàrí wọlé nígbà tí òjìji nǹkan bá gùn tó nǹkan náà fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí òjìji ọ̀sán gangan. Bí a bá mú Hanafi, nǹkan bí wákàtí kan ni Alásàrí yóò fi pẹ́.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó gbé e fún jámáà

Kí ó tẹ npm start, kí ó sì wo àsìkò tí ó gbé jáde fún March, June àti December. Kí ládàánì wá fi ojú wo wíwọ̀ oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó ri igi kan mọ́lẹ̀ láti wọn òjìji Alásàrí. Bí kọ̀ǹpútà àti oòrùn bá ta ko ara wọn, oòrùn ló ni òtítọ́.

Lẹ́yìn èyí ni electron-builder yóò di gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú fáìlì kan tí a lè fi fíláàṣì gbé káàkiri. Windows lè kìlọ̀ pé òun kò mọ ẹni tó ṣe é, nítorí a kò san owó ìwé ẹ̀rí. Nítorí fáírọ́ọ̀sì orí fíláàṣì, kí ẹni tó kọ́ ọ fi òǹkà SHA-256 fáìlì náà ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹni tó gbà á yóò tẹ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì, àti SHA256. Bí òǹkà méjèèjì kò bá bára mu, kí ó má ṣí i.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń lo Windows 7 kò ní gba Electron tuntun. Electron 22 ni ó gbà á kẹ́yìn. Ẹ tún yẹ bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà wò. Bí ó bá ti kú, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni aago yóò pòrúúrù, àsìkò ìrun yóò sì bá a pòrúúrù.

Ẹ má sì fi áàpù bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Rírí oṣù ni a ń dúró dè, pẹ̀lú ìkéde Sultan Ṣókótó àti àwọn olórí wa.

Ìjọba ìbílẹ̀ 10 ló wà ní Òkè-Ògùn. Ẹni tó bá ti ṣe ti Ṣakí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ti Kíṣì, Ìgbòho àti Òkèhò, nítorí nọ́ńbà méjì péré ni yóò pààrọ̀. Kí ó gbé kóòdù náà síta bí wọ́n ti gbé e fún òun, nítorí ìmọ̀ tí à ń jẹ àǹfààní rẹ̀ wà lára ohun tí láádá rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró lẹ́yìn ikú.

Nínú Súrà An-Nisa, ẹsẹ 103, Ọlọ́hun jẹ́ ká mọ̀ pé ìrun ní àsìkò tí Ó ti pa láṣẹ. Àmánà ni ṣíṣọ́ àsìkò náà jẹ́ lọ́wọ́ wa. Kí Ọlọ́hun gba ìrun àti ààwẹ̀ wa, kí Ó sì fi ìmọ̀ tó wúlò jíǹkí àwọn ọmọ wa. Àmín.